Iná Tí Kò Ní Afínná: Bí Mo Ṣe Lọ Bá Àbúrò Mi ní Wagadúgù

Búrẹ̀mọ́ Àlàó, ọmọ Làmídì onírin. Ọmọ òòlù dún ní Ìnísà, ará oko mọ̀ pé ọkọ́ ti délé. Ọmọ afínná tí iná kò gbọdọ̀ jó. Ọmọ a-rọ-irin-bí-ẹni-ro-ẹ̀kọ. Àlàó tó fi ilé sílẹ̀ ní ọ̀dọ́, tó gbé Kùmásí, tó gbé Bobo, tó wá jókòó sí Wagadúgù bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọkọ Àwá. Bàbá Ràfíátù. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi mọ̀ ọ́n ju bí ojú mi ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Àlàó, ó dàárọ̀ o.

Ẹ̀yin ará Ìnísà, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń jókòó tì mí pé, "Ìyá, ẹ sọ ti Wagadúgù fún wa." Mo sọ ọ́ fún Sìdí, Sìdí lọ bù mọ́ ọn. Mo sọ ọ́ fún Rísíkátù, òun sunkún kí n tó dé ibi tí ẹ̀rín wà. Nítorí náà mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá wa tó ní ẹni tí yóò máa ta ọkọ́ àti àdá kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rí àṣìṣe níbẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó pè mí

Orí fóònù ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Búrẹ̀mọ́ kì í pe ènìyàn lásán. Bó bá pè ọ́, yóò kọ́kọ́ bú ọ pé o kò pe òun. Lọ́jọ́ yẹn kò bú mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá," ló wí. "Ẹnu mi nìkan kò ká Ràfíátù mọ́. Ẹ wá fi tiyín kún un."

"Kí ni Ràfíátù ṣe?"

"Ó fẹ́ lọ máa gbé nídìí òkè kan tó ń bì iná, ní Kamẹrúùnù."

"Ṣé ibẹ̀ ló ti rí ọkọ ni?"

"Ọkọ kẹ̀! Bó bá ṣe ọkọ ni, ṣé mà á pè yín? Òkúta ni. Òkúta yíyọ́ ló ń wá lọ."

Mo ní, "Búrẹ̀mọ́, ṣé ara rẹ yá?"

"Ara mi kò yá rárá. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ yára nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ràfíátù nìkan ni ọmọ tí Búrẹ̀mọ́ bí. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Wagadúgù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wádìí bí òkúta tó ti yọ́ ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, àti ibi tó ń lúgọ sí kí òkè tó bì í jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kamẹrúùnù ní kó wá bá àwọn ṣọ́ òkè abìná kan tí àwọn ènìyàn ń gbé lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ní òun fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n òun kò ní gbé ẹsẹ̀ láìgba àdúrà bàbá òun. Bàbá rẹ̀ ní rárá. Àìsàn ọkàn sì ti dá Búrẹ̀mọ́ dùbúlẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n: bí bàbá bá sọ pé rárá, tó sì kú lé e lórí, ta ni yóò lọ bẹ òkú pé kó yí ohùn padà? Rárá náà ti di ogún nìyẹn.

Ní tèmi o, ti Búrẹ̀mọ́ ni mo bá lọ. Àbúrò mi ló pè mí, kì í ṣe òkè. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún ọmọ náà ni mo ti tò láti ilé: ti ìgbéyàwó, ti ọjọ́ ogbó, ti ìyá tí kò ní ọmọ míì. Mo tò wọ́n bí ẹni to igi ìdáná.

Irú tí mo rù

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá yín lágara. Ẹni tó ti jókòó pẹ́ rí lórí àga líle mọ bó ṣe ń rí. Ẹni tí kò tíì jókòó bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run má jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Sàkà ni orúkọ awakọ̀ wa. Ó máa ń kọrin níbi tí ọ̀nà bá ti dára, ó sì máa ń gbàdúrà níbi tó bá ti bàjẹ́, torí náà a gbọ́ àdúrà púpọ̀. Alímà ló jókòó tì mí, obìnrin Wagadúgù tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, tó ń kó ẹyẹ ẹtù lọ sílé. Ọ̀kan nínú àwọn ẹtù náà gbé orí lé mi léjìká, ó sùn. Mo fẹ́ tì í kúrò, Alímà ní kí n fi sílẹ̀, pé kì í sùn lé ènìyàn burúkú. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ní ẹnubodè, ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba fi Faransé bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Alímà túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n ni mí, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ó rò ó wò, ó ní iṣẹ́ líle ni, kí n máa kọjá.

Ẹrù kan wà tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé. Irú ni, irú tí Múlíkátù ìyàwó Gàníyù sè fúnra rẹ̀, tí mo fi ewé wé, tí mo tún fi ọ̀rá wé, síbẹ̀ tí gbogbo ọkọ̀ ń wò mí. Mo ní Búrẹ̀mọ́ á ti máa pòǹgbẹ irú láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pé òórùn rẹ̀ nìkan á gbé e dìde. Ẹ̀yin ará mi, nígbà tí mo dé ọjà wọn, irú ni mo bá! Òkìtì òkìtì, bí ẹni da iyẹ̀pẹ̀ ilé sílẹ̀. Súmbálà ni wọ́n ń pè é. Mo ru irú láti Ìnísà lọ sí ìlú irú. Àwá, ìyàwó àbúrò mi, tó jẹ́ ọmọ Mọ̀sí pọ́ńbélé, ẹ̀yà tó ni ìlú náà, tú ewé náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Barka, Ìyá, ẹ ṣeun. Ó fẹ́ dára tó tiwa." Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu ni ilẹ̀ náà. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí o bá gbé ẹyin kalẹ̀ níbẹ̀, kò ní yí lọ síbì kan. Láti ojú ọ̀nà dé Dapoya níbi tí ilé Búrẹ̀mọ́ wà, n kò rí òkè tó ga tó ààtàn ilé Àlàdé. Mo sọ nínú ara mi pé, ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òkè ní ìlú yìí, ṣé kì í ṣe ẹni tó ń kọ́ ẹja pípa ní aginjù?

Omi àlejò

Ìwà kan wà lọ́wọ́ wọn tó yẹ kí a jí kó. Bí àlejò bá dé, ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè ohun tó gbé e wá. Igbá omi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún un, omi tí wọ́n po ìyẹ̀fun ọkà bàbà àti atalẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń pè ní zoom-koom. O ní láti mu ún. Ibi tí o bá mu ún dé ni ọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀. Àwá lóṣòó síwájú mi bí ìyàwó ilé wa gan-an, ó na igbá náà sí mi.

Mo ti rí Búrẹ̀mọ́ lórí ẹní lábẹ́ igi tó wà láàárín agbo ilé. Mo mọ̀ pé ó ti rù, wọ́n ti sọ fún mi, ṣùgbọ́n etí kì í ṣe ojú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ẹ ti darúgbó o."

"Ìwọ ńkọ́," ni mo ní, "ìwọ tó o rí bí ẹ̀rúkọ́ tí ikán jẹ kù?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo yí ojú sí igbá kí ó má baà rí ojú mi.

Bí mo ṣe gbé igbá náà dé ètè ni ọkùnrin gíga kan wọlé láìkan ilẹ̀kùn, fìlà rẹ̀ dojú kọ ẹ̀gbẹ́. Kò kí mi. Ó lọ dúró lórí àbúrò mi, ó sì fi Yorùbá sọ̀rọ̀, Yorùbá tó dán:

"Ẹrú mi, o ò tíì kú? Láti àná ni mo ti fẹ́ gbẹ́ ihò rẹ, o kàn ń fi àkókò mi ṣòfò!"

Ẹ̀yin ará ilé, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ọmọ ìyá mi, lójú àìsàn, lójú mi! N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo da gbogbo zoom-koom náà lé e lórí.

Omi ń kán láti etí fìlà rẹ̀. Ọkùnrin náà yọ ahọ́n, ó lá a lẹ́nu, ó ní, "Atalẹ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Ta ni arúgbó yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni Búrẹ̀mọ́ wí.

"Áà! Ẹrú àgbà ló dé!"

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Àwá di igi mú kí ó má ṣubú. Èmi nìkan ni mo dúró pẹ̀lú igbá òfìfo lọ́wọ́, bí ẹni tó wá ṣagbe.

Toé ni orúkọ rẹ̀, agbẹ́kànga, aládùúgbò Búrẹ̀mọ́ láti ìgbà tí Ràfíátù ti ń rá kòrò, ẹnu Búrẹ̀mọ́ ló sì ti kọ́ Yorùbá. Ọmọ Sámò ni. Ẹ̀yà Sámò àti ẹ̀yà Mọ̀sí, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń kí ara wọn láti ayébáyé. Ẹnì kíní á pe ẹnì kejì ní ẹrú òun, á bú oúnjẹ rẹ̀, á bú orí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Rakíìrè ni wọ́n ń pe àṣà náà. Wọ́n ní ẹni tó o ti bú bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, o kò ní lè gbé idà sí i lálẹ́. Bí ìjà bá sì le nínú ilé Mọ̀sí, Sámò ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí, nítorí ó lè sọ ohun tí ẹlòmíì kò lè sọ. Nígbà tí Búrẹ̀mọ́ ti fẹ́ ọmọ Mọ̀sí, Toé ní òun ti kà á mọ́ ẹrú òun, tòun ti gbogbo ìdílé rẹ̀.

"Ìwọ náà ti wọ̀ ọ́," ló sọ fún mi. "Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wàá fi ẹnu ara rẹ pè mí ní olówó mi, bí ẹrú ṣe ń pe olúwa rẹ̀."

"Ọjọ́ tí adìẹ bá hu eyín," ni mo dá a lóhùn.

"Adìẹ Dapoya ti ń hu eyín," ló wí, ó sì fún fìlà rẹ̀ sínú igbá mi.

Lẹ́yìn moto

Oúnjẹ wọn dùn, n kò ní purọ́. Òkèlè ọkà bàbà tí wọ́n ń pè ní tô, wọ́n ń fi ọbẹ̀ ilá tàbí ọbẹ̀ ewé osè jẹ ẹ́, ó sì ń lọ wẹ́rẹ́. Ata ni kò sí. Mo wá ata títí, Àwá wá gbé e kalẹ̀ nínú abọ́ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni gbé oògùn sílẹ̀ fún aláìsàn. Bí mo ṣe dà á sọ́bẹ̀ tán, gbogbo wọn fi ṣíbí sílẹ̀ láti wò mí bóyá mà á kú.

Ràfíátù kò bá mi jiyàn. Ohun tó tètè dà mí láàmú nìyẹn. Mo pè é jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó igi tí mo tò láti ilé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "D'accord, mo gbọ́, Màmá. Ẹ ti sọ tiyín. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ wo tèmi."

Ẹ̀yìn moto, ohun tí àwa ń pè ní alùpùpù, ló ní òun máa gbé mi sí. Ní ìlú yẹn, moto ni gbogbo obìnrin ń gùn, ìyá arúgbó, ìyàwó tuntun, alábiyamọ. Wọ́n á wọ aṣọ tó dára jù, wọ́n á sì máa lọ bí ọ̀wọ́ eṣú.

"Ẹ dì mí mú, Màmá. Ẹ la ojú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní rí ìlú."

"Ìlú tiwa kì í sáré báyìí!"

A gba ìdí Rood Woko kọjá, ọjà ńlá tí Búrẹ̀mọ́ ti ta ẹ̀yà ara moto kí ara rẹ̀ tó kọ̀ ọ́. Ó fi ọwọ́ kan nawọ́ sí ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Mo ní kó fi ọwọ́ méjèèjì wakọ̀, mo ti rí ìsọ̀ náà.

Nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, òkúta ló kún ibi gbogbo bí iṣu nínú àká. Ó mú èyí tí wọ́n ti fi ayùn rẹ́, tí wọ́n sì lọ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó fi sábẹ́ ẹ̀rọ awò, ó ní kí n wò ó. Mo dijú kan, mo fi ìkejì wò. Ẹ̀yin ènìyàn! Pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ òféfèé, bí ìsọ̀ aláǹkárà.

"Ta ló pa á láró?" ni mo bi í.

"Bó ṣe wà nìyẹn, Màmá, ìmọ́lẹ̀ ló ń yọ àwọ̀ rẹ̀. Ẹ wo hóró tó wà láàárín. Kí lẹ rí?"

"Ìpele ìpele. Bí àlùbọ́sà."

"Voilà! Ẹ ti mọ iṣẹ́ mi." Ó fa àga wá. "Òkúta yíyọ́ kì í ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ dé òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń dúró lọ́nà. Á rí àyè kan, á jókòó síbẹ̀ pẹ́, á máa tutù díẹ̀díẹ̀, hóró yìí á sì máa dì nínú rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń dì. Bí òmíràn tó gbóná bá ti ìsàlẹ̀ wá bá a, ìpele tuntun á yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Èmi wá ń ka ìpele náà láti mọ ibi tó gbé, àti ẹni tó wá bá a níbẹ̀."

Mo rò ó. Mo ní, "Ìyẹn ni pé ó gbé Kùmásí, ó gbé Bobo, kó tó dé Wágà."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bàbá gan-an nìyẹn!"

"Èyí tí kò rí ọ̀nà jáde ńkọ́?"

"Èyí tó pọ̀ jù ni kì í jáde, Màmá. Ibi tó bá dúró sí ló ń tutù sí, á di òkúta síbẹ̀." Ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. "Níbí yìí, òkè abìná wà nígbà ìwáṣẹ̀, kí ènìyàn kankan tó wà. Òjò àti afẹ́fẹ́ ti jẹ ẹ́ tán. Ààrò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló wá bọ́ síta."

Mo wá rí i pé kì í ṣe ẹja pípa ní aginjù. Orí ilé ló ti wó, ìdáná ló kù.

"Àwọn tó wà ní Kamẹrúùnù," ló wí, "orí ilé ni wọ́n ń rí. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, tó ń mọ̀ bó bá wú díẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ariwo nínú ìdáná, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ẹni tó ti fojú rí ìdáná rí, kí ó lè sọ fún wọn bóyá ìkòkò ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kaná tàbí ó ti fẹ́ hó. Àwọn ọmọdé ń lọ sí ilé ìwé lẹ́sẹ̀ òkè yẹn. Mo ti wo ààrò tó kú títí, Màmá. Mo fẹ́ wo èyí tó wà láàyè."

"Kò ha lè jó ọ?"

"Ó lè jó mi," ló wí. Kò fi oyin sí i.

Mo wá igi ìdáná tí mo tò láti Ìnísà, n kò rí ẹyọ kan. Nígbà tí a ń padà, mo la ojú, mo sì rí ìlú.

Ta ní ń fín in?

Ilé Toé ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń wo okùn kànga rẹ̀.

"Ẹrú àgbà, ṣé o gbé zoom-koom míì wá ni?"

"Toé, ó yẹ kí Ràfíátù lọ, ṣùgbọ́n Búrẹ̀mọ́ kò ní gbọ́ tèmi. Ohun tí mo sọ tẹ́lẹ̀ ló máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní ìwọ lè sọ ohun tí ẹlòmíì kò lè sọ."

"Mo lè sọ ọ́. Pè mí ní olówó rẹ ná."

"N kò pè ọ́."

"Kò burú. Orí ẹrú máa ń le." Ó dìde, ó ti gbé fìlà.

Nígbà tí a wọlé, Ràfíátù ń fún bàbá rẹ̀ lómi. Toé jókòó nídìí ẹní, ó mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe.

"Ẹrú, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níta, ojú tì mí nítorí rẹ. Wọ́n ní iná ń bà ọ́ lẹ́rù."

Búrẹ̀mọ́ la ojú. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo Dapoya. Wọ́n ní iná wà ní Kamẹrúùnù, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan sì ti ń gbọ̀n ní Wágà."

"Èmi? Èmi Àlàó, ọmọ Làmídì onírin?"

"Bí kò bá bà ọ́, a jẹ́ pé ọmọ rẹ ló ń bà."

"Ràfíátù? Kí ló lè ba ìyẹn lẹ́rù? Ìyẹn tó ń gun moto bí ẹni tó jí i gbé!"

"Kò ba bàbá, kò ba ọmọ," ni Toé wí. "Iná wo ló wá dá a dúró síbi tó ti ń ro tô?"

Búrẹ̀mọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn, nígbà tó sì tán, ojú rẹ̀ tutù. Ó ní, "Toé, kì í ṣe iná. Iná ilé wa, mo mọ ẹni tí ń fín in. Èmi ni. Bí bàbá wa bá ní, 'Àlàó, dẹwọ́,' mà á dẹwọ́ lórí ẹwìrì, iná á sì rọlẹ̀. Iná tí ọmọ yìí fẹ́ lọ bá, ta ní ń fín in? Ta ni mà á bẹ̀ pé kó dẹwọ́ nítorí ọmọ mi?"

Ràfíátù dìde, ó lọ mú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan wá. Sucrerie ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ó kúnlẹ̀ ti bàbá rẹ̀.

"Kò ní afínná, Bàbá. Èémí ara rẹ̀ ló ń fín in. Ẹ wò ó, afẹ́fẹ́ wà nínú ọtí yìí, ẹ ò rí i nítorí ìdérí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta yíyọ́ ṣe rí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹrù ilẹ̀ bá wúwo lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á dákẹ́. Bó bá ń gòkè, ẹrù á máa fúyẹ́. Ó wá lè jókòó sí ibì kan, á máa kó afẹ́fẹ́ jọ, títí ọjọ́ tí ìdérí kò ní lè gbà á mọ́."

Ó mi ìgò náà. Ó ṣí i.

Ó tú sí ẹní, ó tú sí ògiri, èyí tó pọ̀ jù sì tú sí Toé lójú.

"Ilé yìí!" ni Toé kígbe. "Gbogbo ìgbà tí mo bá wọ̀ ọ́ ni wọ́n ń wẹ̀ fún mi!"

Búrẹ̀mọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ìgò náà ló ń wò, àti ìwọ̀nba ọtí tó kù nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé ẹ máa mọ̀ bó bá fẹ́ ṣí?"

"Nígbà míì, Bàbá. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ìdí tí a fi ń ṣọ́ ọ nìyẹn."

"O ò purọ́ fún mi," ló wí. "Alágbẹ̀dẹ kì í dúró síbi tí ẹnu ẹwìrì kọjú sí. Ẹ̀gbẹ́ ni kó o máa dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Irin tó pọ́n, ọmọdé mọ̀ pé ó gbóná. Èyí tó ti dúdú ló ń jó àgbàlagbà. Má fi ẹsẹ̀ tẹ èyí tó ti dúdú nítorí pé ó ti dúdú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bí o bá sì rí àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ tí wọ́n ń sá, má bi wọ́n ní ìdí. Sá."

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣe àdúrà tó gùn. Toé ṣe àmín pẹ̀lú ọtí lójú. Èmi tí mo wá fi ẹnu kún rárá, àmín tèmi ló le jù.

Yangí

Búrẹ̀mọ́ lo ọjọ́ díẹ̀ sí i pẹ̀lú wa, ó sì gbádùn wọn. Ó jẹ irú mi. Ó ní ti Àwá dára jù ú lọ, ó sì tún bu òmíràn.

Ó kú ní òwúrọ̀, nígbà tí Àwá ń po zoom-koom lọ́wọ́. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé. Èmi ni mo kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀kọ lẹ́nu ní kékeré, n kò sì mọ̀ pé èmi náà ni mà á ṣe èyí.

Toé kò jẹ́ kí ẹlòmíì gbẹ́ ihò rẹ̀. Ó ní òun ti ṣèlérí. Nígbà tó dé, eruku pupa ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó na òkúta kan sí Ràfíátù.

"Inú ilé tuntun bàbá rẹ ni mo ti yọ ọ́. Kà á fún mi. Ibo ló gbé kó tó dé ibẹ̀?"

Ràfíátù mú un, ó fi omijé wò ó, ó yí i padà. "Yangí lásán ni, Bàbá Toé. Kò sí iná kankan nínú rẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Toé wí. "Ahun ni bàbá rẹ. Òkúta wo ló tún máa rà?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún, ó sì fi òkúta náà sí àpò.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú dé ẹnu ọ̀nà, Toé lọ dùbúlẹ̀ gbalaja sí ìloro. Ó ní ẹrú òun kò tíì gba àyè lọ́wọ́ òun, kò ní lọ síbì kan. Lémọ́ọ̀mù dúró, àwọn tó gbé òkú dúró. Ẹnikẹ́ni kò bínú. Wọ́n mọ̀ pé ara rakíìrè ni. Wọ́n ń wá ẹni tó máa bẹ̀ ẹ́. Mo wò ó nílẹ̀ níbẹ̀, mo rí i pé ojú rẹ̀ ti wú.

Mo kúnlẹ̀, èmi àgbàlagbà. Mo ní, "Toé, olówó mi, jẹ́ kí àbúrò mi kọjá."

Ó dìde. Ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó sì ti èjìká bọ abẹ́ òkú pẹ̀lú àwọn yòókù.

A sin Búrẹ̀mọ́ Àlàó ní Wagadúgù, ní ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.